Aṣọ Tí Mo Rán Kì Í Ya

Aṣọ tí èmi bá fọwọ́ ara mi rán, àbúrò mi, kì í ya! Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́, mo tún ń sọ ọ́. So ó mọ́ màlúù lẹ́sẹ̀, kí màlúù máa fà á lọ, màlúù ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn, òun náà ni gbogbo ilé wá fi ń wò mí bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Èmi! Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ!

Ṣé èmi ni mo ní kí ọmọ rẹ máa fi rọ́gíbì jẹun ni? Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin, tí ọgbọ̀n géńdé ń tìtorí ẹ̀ fọ́ra wọn mọ́lẹ̀, bí ẹni pé adìẹ tó yé e ń ṣọ́ wọn. Síbẹ̀, mo gbà. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ẹ̀fúùfù nítorí eré sísá ẹ̀, mo ní àṣẹ. Nígbà tí wọ́n wá mú un mọ́ àwọn tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí pápá, tí wọ́n fún un ní jẹ́sì ẹ̀ kó gbé e wálé fi han àwọn tó tọ́ ọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wọn, ta ló kọ́kọ́ fi hàn? Ṣé ìwọ ni? Ṣọ́ọ̀bù mi níbí ló gbé e sí, kó tó lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ.

Mo wo aṣọ yẹn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó fún! Ó fún bí èèpo àlùbọ́sà! Mo ní ahun wo ló ń ṣún aṣọ lò lára ọmọ ọlọ́mọ báyìí? Kó tó jẹun tán, mo ti tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì, mo fi aṣọ kún un, mo fi òwú tí wọ́n fi ń rán tapólì ọkọ̀ akẹ́rù rán an. Mo lọ̀ ọ́, mo ká a, ó ń dán.

Má pòṣé! Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ṣé mo mọ̀ pé nítorí kí ọ̀tá má baà rí ibi dì mú ni wọ́n ṣe rán an lẹ̀ mọ́ ọn lára? Ta ló sọ fún mi? Ó ní ìgbà tóun wọ̀ ọ́ tán ní yàrá ìmúra lòun rí i pé òun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, kò sì sí òmíràn.

Ìwọ náà wà níbẹ̀. O rí bó ṣe já gbogbo wọn sílẹ̀, tó ku díẹ̀ báyìí kó tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlà, kí wọ́n ka ayò fún un. Ni ẹnì kan bá nawọ́, ó gbá aṣọ tí mo fi kún un mú. Olúwa ń gbọ́, mo dìde, mo ń pariwo, “Ya! Jọ̀wọ́, ya!” Aṣọ ẹlòmíràn ì bá ya. Tèmi ò ya. Wọ́n fi fa ọmọ náà padà bí ẹní fa korobá látinú kànga.

Kọ́ọ̀ṣì wá ní Sátidé yìí ló kù fún un. Tí kò bá ṣe dáadáa, wọn ò ní bá a tọwọ́ bọ̀wé mọ́. Ọmọ yẹn ò sì bú mi o. Ì bá tiẹ̀ bú mi! Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, “Bàbá mi, iṣẹ́ yín lágbára.” Ṣé èébú kọ́ nìyẹn?

Ẹ̀rín kí lò ń rín? Sún iná yẹn mọ́ mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tú kinní yìí, kí n lè dá a padà sí bó ṣe wà. Abẹ ti kán mọ́ mi lọ́wọ́, ìka mi ti bó, òwú ò tú. Di ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn mú, kí o fà á. Fà á dáadáa, ìyá Ẹ̀fúùfù!

Ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ.