Ìwé Ìyọ̀ǹda Bàálù Tí Mo Tẹ́ Ẹní Ìkírun Lé Lórí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa dé. Ọdún mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja, kò lọ sísàlẹ̀, kò bọ́ sókè. Dókítà tó ń wo ẹsẹ̀ mi tó wú ti sọ fún àwọn ọmọ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé kí wọ́n kàn máa tọ́jú mi nílé, mo sì gbọ́ ọ. Etí mi kò tíì gbó tó ẹsẹ̀ mi. Èmi Àṣíáwù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onídòdò lẹ́bàá ọ̀nà Ifẹ̀ ní Ìkirè níhìn-ín, èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ àwọn awabàálù jẹ́. Kì í ṣe Mubashir ọmọ ọmọ mi. Èmi ni. Bí ojú yín kò bá gbà á gbọ́, ẹ tún un kà.

Àbídì, ọmọ mi tó bí Mubashir, kú nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, ọmọ sì kù sí mi lọ́wọ́. Ìdí iná dòdò ni mo ti tọ́ ọ títí ó fi kàwé, tó di ẹni tó ń bá àwọn èèyàn wọn ilẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Othniel, ọmọ Àpòmù, ọmọ ìjọ Aláàdúrà, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì yìí ló lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù ní òkè Ọya. Wọ́n ra bàálù kékeré kan tó jẹ́ pé ó dé ní kélekèle nínú àpótí, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi tò ó pọ̀ ní Àpòmù, wọ́n sì gé koríko oko bàbá Othniel mọ́lẹ̀ gbọọrọ kó lè ríbi sáré. Ènìyàn méjì péré ni ó ń gbà. Funfun ni, àwọn ará Àpòmù sì ń pè é ní Lékeléke. Wọn kì í fi í kó èrò, wọn kì í fi í ṣòwò. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ náà ni. Ní àárọ̀ Sátidé, tí wọ́n bá kọjá lókè Ìkirè, Mubashir á fi apá bàálù kí mi, á tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, á tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Àwọn oníbàárà mi á ní, “Ìyá, ọmọ yín ń kí yín o!” Èmi náà á na ṣíbí oníhò sókè, epo á máa kán sí mi lápá.

Nígbà tó yá ni àwọn ajínigbé gba inú igbó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wa. Ìjọba bá ní bàálù kékeré kankan kò gbọdọ̀ fò mọ́ láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, ti sójà nìkan ni kó máa fò. Sójà dé Àpòmù, wọ́n fi ṣéènì de abẹ̀bẹ̀ iwájú Lékeléke. Othniel ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ṣé bàálù ni àwọn ajínigbé ń wọ̀ ni?” Sójà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Na order, my brother.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Mubashir àti Othniel kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn mọ́kànlá mìíràn tí wọ́n ní bàálù tiwọn ní Ìbàdàn àti Òṣogbo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Wọn kò sọ pé kí ìjọba má ṣọ́ ìlú. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí wọ́n tú okùn náà díẹ̀ fún àwọn: kí wọ́n dá ọjọ́ fún wọn, kí wọ́n dá wákàtí, kí sójà yẹ inú bàálù wò kó tó gbéra. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi kọ ọ́. Mubashir ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé wọn, ilé mi ló sì fi sí orí ìwé pé kí èsì wá sí, nítorí pé mi ò kúrò níwájú ilé láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ gbọ́ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti ta gbòǹgbò. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ojú ọ̀run ni ilé mi ti ṣí. Mubashir tó jẹ́ pé tí mo bá rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mo ti ríre, ó wá di ẹni tó ń sùn nílé. Ní Sátidé, á jókòó tì mí, á máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà, á máa dá mi lẹ́rìn-ín. Á gbé mi lọ kí Jímọ́ọ̀, á dúró dè mí, á tún gbé mi bọ̀. Ó ń gbàdúrà lójú mi pé kí Ọlọ́run rọ ọkàn àwọn aláṣẹ. Mo ń fi ẹnu ṣe àmín, mo sì ń fi inú sọ pé, Ọlọ́run, má tíì gbọ́. Ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun gun alùpùpù dé. Ó ní, “Màmá, ṣé ilé Mubashir rèé?” Mo ní, “Ilé rẹ̀ ni. Ṣé kí n bá yín di dòdò?” Ó ní, “Ìwé ìjọba ni mo gbé wá. Ẹ fọwọ́ síbí.” Mo ní epo ló kún ọwọ́ mi. Ó ní, “Ẹ ṣáà fa nǹkan sí i, Màmá, mo ṣì ń lọ sí Ẹdẹ.” Mo fa ìlà kan. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ kọ́ mi, kò kọ́ mi ní ìwé òyìnbó, nítorí náà mo ké sí Sàlámọ̀tù aránṣọ, tó ń gbé ilé kejì, kó wá kà á fún mi. Kò tíì kà á dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. “Ìyá, wọ́n ti gbà o! Wọ́n ní Mubashir àti Othniel ni àwọn máa kọ́kọ́ fi dán an wò. Wọ́n ní kí wọ́n máa fò ní Sátidé, láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kí wọ́n má kọjá lórí ìdídò omi Aṣejire, dáàmù yẹn, kí wọ́n sì kọ́kọ́ máa fi tó ọ̀gá sójà tó wà ní Orílẹ̀-Òwu létí. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n sì dá a padà kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.” Ó wò mí lójú. “Ìyá, kí ló dé? Inú yín ò dùn?” Mo ní, “Sàlámọ̀tù, tí bàálù bá já ńkọ́?” Ó ní, “Mọ́tò tí ẹ ń wọ̀ kì í dojú dé ni?” Mo bá bú sẹ́kún. Mo ní ẹ̀rù ikú ọmọ mi ló ń bà mí. Irọ́ ni. Bí wọ́n ti ń fò tẹ́lẹ̀, mo ń sùn, mo ń hanrun. Èmi nìkan ni mò ń rò. Sàlámọ̀tù ká ìwé náà padà, ó ní, “Ó dáa, Ìyá. Mi ò rí nǹkan kan, mi ò ka nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá dọ̀la, ẹ má pè mí sí i.” Mo di dòdò rẹpẹtẹ fún un. Ó gbà á.

Mo ká ẹní ìkírun mi nílẹ̀, mo fi ìwé náà sábẹ̀ rẹ̀, mo tún tẹ́ ẹní lé e lórí. Orí rẹ̀ ni mo ti ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Tí mo bá forí kanlẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún bí ewé gbígbẹ lábẹ́ iwájú orí mi. Ní ọjọ́ kẹfà, Mubashir bi mí pé, “Màmá, kò sẹ́ni tó mú ìwé wá?” Mo ní, “Wàláhì, mi ò rí ìwé kankan.” Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi búra yẹn. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ní òun máa lọ sí Àbújá lọ bá wọn lójúkojú, ó ti di ẹrù rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lójijì lẹ́nu ọ̀nà, mo di àyà mú, mo ní òòyì ń kọ́ mi. Nǹkan kan kò ṣe mí. Ó ju àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé mi bí ọmọ ọwọ́ lọ sí ọsibítù. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń fi ṣíbí fún mi lógì, ó ń bẹ nọ́ọ̀sì pé, “Ẹ dákun, òun nìkan ni mo ní.” Mo ń gbọ́. Mo di ojú, mo ń ka ọjọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Othniel já wọlé láti Àbújá. Èmi àti Mubashir ń po ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Kò kí mi, òun tó jẹ́ pé gbọọrọ ló máa ń dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Mubashir, ọ́fíìsì wọn ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ti fún wa ní ìyọ̀ǹda, a ò dá wọn lóhùn. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí àwọn ṣíjú àánú wò kò kà á sí, àwọn ti pa ìwé àwọn mọ́kànlá yòókù dé náà. Ilé yìí ni wọ́n gbé e wá. Mo rí ìwé tí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí. Wọn ò kọ orúkọ síbẹ̀, ìlà kan lásán ni wọ́n fà.” Mubashir ní, “Irọ́ ni wọ́n ń pa.” Othniel bá yí sí mi. “Ìyá, ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà kì í purọ́. Ta ló gba ìwé nínú ilé yìí?”

Ibi tí mo kú sí nìyẹn. Ìwé náà ṣì wà lábẹ́ ẹní. Bí mo bá fà á yọ, bóyá wọn ì bá lọ bẹ̀bẹ̀, bóyá wọn ì bá rójú àánú. Ìtìjú mú mi lọ́rùn. Mo ní, “Èmi tí mi ò mọ̀wé? Bí ẹnikẹ́ni bá gba ìwé nínú ilé yìí, Mubashir ni.” Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Ọmọ tí mo ní mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fẹ́ kó lọ, òun ni mo tì síwájú kí n lè sá pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Mubashir wò mí. Ó mọ̀. Ta ni ì bá fa ìlà sórí ìwé ìjọba nínú ilé wa? Mo rí i lójú rẹ̀ bí ó ti ń rò ó, títí dórí òòyì tó kọ́ mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, “Othniel, má bínú. Èmi ni mo gbà á. Mo gbàgbé ni.” Othniel ní, “O gbàgbé? Oṣù mẹ́rìnlá la fi ń ráhùn, o wá gbàgbé?” Ó ní, “Ara Màmá ò yá. Mo gbàgbé.” Othniel kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó kàn ń mi orí bí ẹni tí wọ́n wá túfọ̀ fún, ó sì jáde. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo ti ìwé náà bọ inú ààrò, mo gbé agbada kaná. Dòdò tí mo fi iná yẹn dín, mo tà á tán.

Àwọn awabàálù yòókù lé Mubashir kúrò láàárín wọn. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni, wọ́n ní ó ní ẹni tó rán an. Lékeléke dípẹtà lórí ìso títí wọ́n fi tú u palẹ̀. Kí ọdún tó parí, Mubashir kó lọ sí Kàlàbá, ibi tí kò ti mọ ẹnì kankan. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi kó tó lọ, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ẹ ò rí i? Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ tilẹ̀kùn ló bá ojú fèrèsé lọ.

Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo wọkọ̀ lọ sí Àpòmù. Jemima, ìyàwó Othniel, fún mi lómi, ó gbé àga fún mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń sunkún. Òun náà sunkún, ó dì mọ́ mi, ó ní, “Ìyá, abiyamọ tòótọ́ ni yín. Ẹ fẹ́ gba ẹ̀bi ọmọ wọ̀ bí aṣọ. A ti mọ̀ pé Mubashir ni, ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́.” Othniel wà nínú yàrá, kò jáde. Mo gbọ́ tó ní, “Jemima, bá Ìyá wá mọ́tò tó máa gbé wọn padà.” Mo lọ bá Sàlámọ̀tù pé kó tẹ̀ lé mi lọ jẹ́rìí. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní, “Ìyá, ọjọ́ ogbó ti dé. Ìwé wo?” Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹni tó ti purọ́ tí ayé gbà á gbọ́, tó wá sọ òtítọ́ tí wọ́n ní irọ́ ìfẹ́ ni, ta ni kó lọ bá?

Othniel, ìwọ ni mò ń kọ ọ́ sí jù. Bi Mubashir ní ohun tó wà nínú ìwé náà. Kò lè sọ ọ́, torí pé kò rí i rí. Èmi ti sọ ọ́ sókè yìí: wákàtí ni, ìdídò ni, ọ̀gá sójà ti Orílẹ̀-Òwu ni. Lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì yẹn bóyá mo parọ́. Mi ò ní kí o dárí jì mí; àwọn mọ́kànlá yẹn náà, bí wọ́n bá ṣépè, wọn ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó bá ka èyí, bí àgbà yín bá ṣe ibi, ẹ má bò ó. Ẹ jẹ́ kí ojú tì í nígbà tí ó ṣì lágbára láti bẹ̀bẹ̀. Mubashir rò pé òun gbà mí sílẹ̀ ni. Tí mo bá fẹ́ fẹnu ba ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, á ní, “Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?” Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, kò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àlásárì, ló máa ń pè mí. Othniel, mo bẹ̀ ọ́, wá jókòó tì mí ní ọ̀kan nínú àwọn Ọjọ́ Àìkú tó kù fún mi. Tí fóònù bá dún, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni kí o gbé e.