Lẹ́tà Ufuoma Dé Ọwọ́ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Mi ò mú pàṣán dání lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà òjò, bí mi ò bá pọ̀ ọ́ síta, yóò pa mí. Èmi ni o, èmi Mísísì Dáhùnsí tí ẹ ń pè ní Ìyá Kòbókò. Ẹ má wojú ara yín, mo ti mọ̀ tipẹ́.

Ẹ rí àpótí onígi tó wà lára ògiri yẹn. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ogechi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí gbé e wá sílé ìwé wa ní Ajégúnlẹ̀ níbí, ó ní kí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo kọ lẹ́tà sínú rẹ̀, kó má kọ orúkọ. Èmi ló fún ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Mà, ẹ sáà máa kó wọn fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà wọ́n." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni! Gbogbo rẹ̀ ni mò ń kà.

Lọ́jọ́ kan mo ka ọ̀kan tó ní: "Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n má sí láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi." Èmi tí mò ń máàkì ìwé yín, ọwọ́ ìkọ̀wé ta ni mi ò mọ̀? Ufuoma ni, ọmọ ilé kejì sí tèmi. Kàkà kí n pe nọ́ọ̀sì, mo ní ṣebí ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń wò ó. Mo ki lẹ́tà bọ àpò, ó di ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má dárúkọ mi o." Ẹ gbọ́ nǹkan! Bó bá jẹ́ ire ni mò ń ṣe, kí ni mò ń fi orúkọ pamọ́ sí?

Ìyá náà ń sá aṣọ lọ́wọ́. Ó kígbe, "Ah, Tíṣà! Wetin be this? Kí ni mi ò ṣe fún ọmọ yìí?" Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù yẹn sì di ìbínú. Ó wọ́ ọmọ lọ sílé àdúrà kan. Wọ́n ní ẹ̀mí omi ló ń dà á láàmú, wọ́n fi ebi dè é fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì ka lẹ́tà rẹ̀ sókè lójú ìjọ.

Èyí tó burú jù ló kù. Ufuoma padà wá sílé ìwé, ó wá bá mi, òun àti Ebinimi ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó bá a ju lẹ́tà náà sínú àpótí. Ó bi mí pẹ̀lẹ́, "Mà, ṣé lẹ́tà mi dé ọwọ́ yín?" Mo wò ó lójú, mo ní, "Lẹ́tà wo? Mi ò rí nǹkan kan." Ó yíjú sí Ebinimi, bí ẹni pé Ebinimi ló gbé lẹ́tà náà fún màmá òun. Ebinimi bú sẹ́kún: "Mo jù ú síbẹ̀! Mo fi Ọlọ́run búra!" Àgbàyà ni mí, mo dákẹ́!

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá kan tó ń já ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá rí Ufuoma létí omi, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù. Ó sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó kó sómi. Ká ní bàbá yẹn ti lọ jẹun ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi.

Látìgbà náà, òfìfo ni mò ń bá àpótí yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí mò ń wò yín báyìí, mi ò mọ èyí tí kò sùn lánàá nínú yín. Ẹ dárí jì mí. Nọ́ọ̀sì, kọ́kọ́rọ́ rẹ rè é, pààrọ̀ àgádágodo yẹn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tìtorí tèmi pa ẹnu mọ́. Nọ́ọ̀sì wà níbí títí di aago méjì, ẹ lọ bá a.

Mo ti lọ jẹ́wọ́ fún Ufuoma nílé wọn láàárọ̀ yìí. Kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé Ebinimi ti gbọ́?" Ebinimi, dìde, ọmọ mi. Lẹ́tà náà dé ọwọ́ mi. Máa lọ sílé wọn, ó ń dúró dè ọ́.