Bísímílà Lórí Rédíétọ̀ Gbígbóná

Ẹ̀yin mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ fún mi létí yín. Hásádì, ìlara yẹn, ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó máa ń jẹ́ kéèyàn rí ohun tí ọmọnìkejì ní, kì í jẹ́ kó rí ohun tó ṣe.

Awakọ̀ kan wà ní gáréèjì Ṣakí, Ṣùáíbù lorúkọ rẹ̀. Rájì, àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, náà ń wakọ̀ níbẹ̀. Mọ́tò méjèèjì ti gbó o, àmọ́ ti Ṣùáíbù nìkan ló máa ń gbóná lọ́nà. Ìgbà tí Alhaja Múnírátù, oníbàárà Ṣùáíbù láti ọdún mẹ́sàn-án, wá kó ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò Rájì, oúnjẹ ò lọ lọ́fun Ṣùáíbù mọ́. Ara ń ta á. "Kí ni Rájì fi jù mí lọ?"

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Àbí ẹ ò mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ onílara? Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó rí Rájì tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó ń fọwọ́ lásán ṣí ìdérí rédíétọ̀, tẹ́nu rẹ̀ ń mì. Ó yọ́ sún mọ́ ọn, ó gbọ́: "Bísímílà." Lójú tiẹ̀, àṣírí ti tú nìyẹn. Bí Rájì ṣe bu omi kún un, tó yẹ rọ́bà tó ń gbé omi wò bóyá ó ń jò, ojú Ṣùáíbù ò tiẹ̀ sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, mọ́tò Ṣùáíbù gbóná lọ́nà, èéfín ń rú. Rájì tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìdérí yẹn."

Ṣùáíbù sọ sínú pé, "Èrò ọkọ̀ mi ló fẹ́ kó lọ." Ló bá ké Bísímílà, ó yí ìdérí. Omi gbígbóná tú jáde, ó bó o lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá.

Ta ló gbé e dé ọsibítù? Rájì ni. Ta ló pààrọ̀ rọ́bà tó ń jò nínú mọ́tò rẹ̀? Rájì náà ni. Nígbà tó wá kí i, tó ń bá a bó ọsàn, Ṣùáíbù tẹjú mọ́ ìka Rájì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Rájì, mo ń jowú ọwọ́ rẹ."

Ẹ̀yin ará, Bísímílà ò jẹ̀bi o. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni Rájì ń ké e, tó ń ṣí ìdérí. Ọlọ́run Ọba, tí O bá ṣoore fún ọmọnìkejì wa, jẹ́ ká rí iṣẹ́ tó ṣe, fún wa lágbára láti ṣe é. Fọ ìlara kúrò lọ́kàn wa kó tó dé ọwọ́. Àmín.