Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Jókòó Gbọ́ Gìtá

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè ti Odoakpu, àdúgbò wa ní Onitsha, fẹsẹ̀ rìn dé Relief Market láì sinmi lẹ́ẹ̀kan… ẹ̀yin ọmọ mi, gìtá ni mo fẹ́ràn. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Fàtáì, mo rí ọ. Ṣé ẹ rò pé tìborùn tìborùn ni wọ́n bí mi ni? Ìyá ìyá yín tí gbogbo ayé ń pè ní Alhaja yìí, gìtá òyìnbó ló ń gbọ́. Gìtá tó ń sunkún. Gìtá tó ń ké bí ẹni tí wọ́n gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ̀.

Onitsha la wà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí ogun dé, bàbá mi kó wa padà sí Ìsẹ́yìn. Ìsẹ́yìn náà ni ìyá mi kú sí. Ogun parí, bàbá mi ní òun ń padà. Àwọn ẹbí ní, "Súfíánù, kí lo fẹ́ lọ ṣe níbi tí wọ́n ti fọ́ ìlú?" Ó ní, "Àwọn oníbàárà mi wà níbẹ̀. Wọ́n á fẹ́ wọṣọ." Bá a ṣe padà nìyẹn.

Ihò ọta ìbọn wà lára ògiri ilé tá a háyà, àmọ́ ẹ gbọ́, gbogbo ìlú ló ń kọ́lé! Aṣọ funfun tó o bá sá láàárọ̀, eruku sìmẹ́ǹtì á ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn kó tó dọ̀sán. Owó epo náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tí ò ní sílípáàsì lánàá, ó ti gun bàtà gogoro, ó ń rìn bí ẹyẹ lékeléke. Inú wa ń dùn. A ò kú, a padà, kí la tún fẹ́?

Bàbá mi ń ta aṣọ ní Relief Market, èmi ni mo ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀ọ́kán wa gan-an ni Chike wà. Ó ń tún rédíò ṣe, ó ń ta àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Irun orí ẹ̀ tó agbọ̀n. Ogun mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ, kò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, gìtá ló ń ta ṣáá. Ọjọ́ kan ó fi àwo kan sí i, ti àwọn ọmọ òyìnbó onírun gígùn kan láti Ìlú Ọba. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Mo ń wọn aṣọ lọ́wọ́. Oníbàárà ní ọ̀pá mẹ́rin, èmi ti wọ̀n ọ́n kọjá mẹ́fà, mo ṣì ń wọ̀n lọ. Obìnrin yẹn ní, "Nwa m, ọmọ mi, ṣé o fẹ́ fi ṣe kọ́tìnnì fún ìlú ni?"

Bí mo ṣe bá wọn ṣẹgbẹ́ nìyẹn. Mẹ́rin péré ni wá: èmi, Chike, Ngozi ọmọ onílé wa, àti ọ̀gbẹ́ni kan tí báńkì gbé wá láti Ìbàdàn. Bùrọ̀dá Báńkì là ń pè é. Ọ̀sán Sọ́ńdè, tí bàbá mi bá ti lọ ìpàdé, la máa ń pàdé ní àgbàlá wa, torí bàbá mi ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó ń lo bátìrì, tó rà láti máa fi gbọ́ wáàsì. Òfin kan ṣoṣo la ní. Tí àwo bá ti ń yí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lanu títí ojú ẹ̀ kan á fi tán. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló máa ra okpa gbígbóná fún gbogbo ilé, okpa tó dà bíi móínmóín yẹn, tí wọ́n ń dì sínú ewé. Ngozi ló ń rà á jù. Ẹnu Ngozi!

Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí? Ẹ̀ ń gbọ́ orin, ẹ̀ ń jẹun, ẹ̀ ń tẹ fóònù, ẹ tún ń bá mi jiyàn. Ẹ jẹ́ n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Lọ́jọ́ kan, Bùrọ̀dá Báńkì gbé àwo àwọn òyìnbó yẹn sún mọ́ awò ojú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ka orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ orin yìí. Kì í ṣe orúkọ àwọn tó ń kọ ọ́." Ó ní ẹni dúdú kan ní Amẹ́ríkà ló ni orin náà. Bulúùsì lorúkọ ẹ̀. Ó ní ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ wa ló ń kọ ọ́ nínú oko òwú. Àwọn ọmọ Ìlú Ọba gbọ́ ọ, ó wọ̀ wọ́n lára, ni wọ́n bá fi iná mànàmáná sí i. Chike fò dìde. "Lie! Na lie!" Ṣé ẹ mọ̀ pé ojú ẹ̀ kún fún omi? Ó ní, "So na our people get am?" Ó ń rìn káàkiri àgbàlá, ó ń tún un sọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Bùrọ̀dá Báńkì mú àwo bulúùsì kan wá, àwo kékeré láti Amẹ́ríkà. Ihò àárín ẹ̀ fẹ̀ ju irin ẹ̀rọ wa lọ. Chike gé rọ́bà sílípáàsì kan, ó fi dí i. Sílípáàsì Ngozi ni. Ngozi ò mọ̀ títí ó fi fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sílé.

Ilẹ̀ ti ṣú kó tó parí ẹ̀, a ò tíì lu àwo yẹn tí wàhálà fi dé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹnì kan sọ fún bàbá mi ní mọ́sáláṣí pé ọmọ ẹ̀ ń kó ọkùnrin jọ sílé, wọ́n ń gbọ́ orin wèrè. Bàbá mi dé, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà. "Sìdí! Ìwọ àti ẹ̀rọ yẹn, ẹ jọ máa wọkọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ́yìn."

Áà! Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo rántí ìkúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ìsẹ́yìn? Onitsha nilé mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi wà, ibẹ̀ ni gìtá wà. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Bàbá mi ò sì lè wo ẹkún mi, látìgbà tí ìyá mi ti kú. Ó ní, "Ó dáa. Mi ò ní dájọ́ láì gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́. Màá jókòó tì yín ní Sọ́ńdè. Tí mo bá gbọ́ ọgbọ́n kan nínú ẹ̀, o dúró. Tí mi ò bá gbọ́, ọkọ̀ Mọ́ńdè lo máa wọ̀."

Sọ́ńdè pé. Bàbá mi jókòó sórí ẹní, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Chike ló yan àwo àkọ́kọ́, ti àwọn òyìnbó, èyí tó pariwo jù. Orí kunkun! Bàbá mi fún ojú pọ̀ bí ẹni tó lá ewúro. Nígbà tó tán, ó ní, "Kí ló ń bí wọn nínú?"

Mo ní, "Bàbá, inú ò bí wọn."

"Ta wá ló lù wọ́n?"

Chike bẹ̀ ẹ́, "Alhaji, biko, na feeling."

Ni Bùrọ̀dá Báńkì bá fojú ṣàpẹẹrẹ sí mi pé kí n gbé àwo kékeré sí i. Ẹ gbọ́ o. Àwo ńlá, díẹ̀díẹ̀ ló ń yí. Àwo kékeré, kíákíá ló yẹ kó máa yí. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tá a máa ń tì síwájú tá a bá fẹ́ lu kékeré. Ojú bàbá mi ni mo ń wò, mi ò rántí. Mi ò tì í.

Ohùn náà jáde… ó wúwo, ó ń fà. Bí ohùn arúgbó kan tó jókòó síwájú ilé ẹ̀ tí kò níbi tó ń lọ. Gìtá ń kán lọ́kọ̀ọ̀kan bí omi òrùlé lẹ́yìn òjò. Mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́. Chike na ọwọ́ kó ti irin yẹn. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù! Torí mo ti rí bàbá mi. Tẹ̀súbáà ti dúró lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Kí ló ṣe bàbá yìí?"

Bùrọ̀dá Báńkì ní, "Ìyàwó ẹ̀ ni ò sí mọ́, sà. Ó ní bàtà ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ò lè gbé e kúrò."

Bàbá mi gbé tẹ̀súbáà sórí ẹní. Ó wá ní, "Ẹ tún un lù." Bó ṣe ń yí lẹ́ẹ̀kejì ló bá ní, "Ẹ ò rí bó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀? Kò kánjú rárá." Ni Ngozi bá lọgun: "Alhaji talk! Alhaji go buy okpa!" Bàbá mi ò mọ̀dí ẹ̀. A ṣàlàyé òfin wa fún un. Ó rẹ́rìn-ín! Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó ra okpa, ó jẹ méjì, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ Ìsẹ́yìn mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti di Sọ́ńdè, á ní, "Bàbá yẹn dà?" Ọdún gorí ọdún, irọ́ yẹn sì ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n relé ọkọ, mo pè é jókòó, èmi àti ẹ̀ nìkan. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo ti ń tàn yín. Bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ yìí kọ́ ni bàbá yẹn ṣe kọ ọ́." Mo ti irin síwájú. Háà! Ọ̀dọ́mọkùnrin ló jáde. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, gìtá ń fò káàkiri, ẹ lè jó o gan-an.

Bàbá mi tẹ́tí. Ó ní, "Ta ló ń lé e?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé e, Bàbá. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

Ó ní, "Ọmọdé ló ń ṣe é nígbà yẹn. Dá a padà síbi tó ti gbọ́n."

Mo dá a padà. Títí Ọlọ́run fi pè é, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbọ́ ọ.

Fàtáì, má wolẹ̀, ìwọ ni mo ń bá wí. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù níjọ́sí, mo wà ní yàrá nígbà tó o ń gbọ́ ọ. O tẹ nǹkan kan, ni ohùn mi nínú fóònù bá ń sáré tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ológoṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì péré ni mo sọ, o tún fẹ́ gé e kù! Ayé yìí ti kánjú jù, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ máa fi orin yín sáré, mi ò bá yín jà. Ohùn mi ni kí ẹ má fi sáré. Ó kù díẹ̀ kó tán, ẹ jẹ́ kó fà.