Ẹní Ìkírun tí Mo Hun fún Àlájà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí. Mo máa ń mi orí, mo máa ń sọ pé, “Irú èèyàn wo nìyí?” Ó ti wá kàn mí báyìí. Ó ti rẹ̀ mí ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Mo tan obìnrin àgbàlagbà kan jẹ lórí ohun tó fi ń sin Ọlọ́run rẹ̀. Opó ni. Kò mọ̀ títí di òní. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ó fẹ́ dúró níwájú àwọn àlejò kó jẹ́rìí sí irọ́ mi, á sì rò pé òtítọ́ lòun ń sọ. Ìdí tí mi ò fi lè dákẹ́ mọ́ nìyẹn.

Festac ni mò ń gbé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀, mò ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan. Nígbà tí ilé ìwé náà kógbá sílé, mo jókòó, mò ń wo gọ́tà iwájú ilé wa. Ọ̀rá píọ́wọ́tà ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Bí òjò bá rọ̀ díẹ̀, omi á wọlé wá kí wa. Ibẹ̀ ni mo ti ronú pé, ọ̀rá yìí, ṣé a ò lè gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ká fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ hun ún bí wọ́n ṣe ń hun fìlà òwú, kó di báàgì ọjà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fi irọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ro báàgì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò fi sípì sí i, mi ò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mi ò fi aṣọ bo inú rẹ̀, torí mo fẹ́ kó ṣe é tú. Ẹni tí tirẹ̀ bá ya, kó mú un wá, màá tún un ṣe fún un. Tó bá gbó kọjá àtúnṣe, kó dá a padà, màá tú u, màá fi èyí tó ṣì dáa níbẹ̀ hun òmíràn. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé báàgì mi kì í kú, ó kàn ń pààrọ̀ ara ni. Ẹnu mi dùn, mo mọ̀. Àwọn ilé ìwé ń pè mí kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, mo sì ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe sun ọ̀rá, pé èéfín rẹ̀ kò dáa fún àyà.

Àlájà ń gbé ní ilé tó kọjú sí tiwa. Ó ta próvísọ̀n ní Apple Junction títí orúnkún rẹ̀ fi ní ó tó. Ìyàwó ló máa ń pè mí, torí ìṣojú rẹ̀ ni mo wọ ilé ọkọ. Òun ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ládùúgbò. Ọ̀rá tí àwọn èèyàn bá jù sílẹ̀, á ṣà á, á fọ inú, á fọ ẹ̀yìn, á sá a sórí okùn. Ọkọ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bá ọ̀rá ṣe àlùwàlá. Á ní kí Bàbá fi òun sílẹ̀, pé ìmọ́tótó wà lára ìgbàgbọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rá tí èèyàn ti mu omi inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo rò. Eyín ni wọ́n fi ń já a. Oòrùn ti mú un, ọkọ̀ ti gun orí rẹ̀, iyanrìn ti wọ inú rẹ̀. Okùn tí mo bá gé lára rẹ̀ kì í gùn, kókó ló máa ń pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Omi tí mo fi ń fọ̀ ọ́ ńkọ́? Ọwọ́ mẹ́ruwà tó ń fi ọmọlanke gbé omi kiri ni mo ti ń rà á. Ẹ wá wò ó: omi tó tó ìdílé kan lò ni mò ń dà nù lórí ọ̀rá omi.

Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé báàgì mi lọ sọ́jà. Bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mile 2, ìdí báàgì já. Tòmátò rẹ̀ yí lọ sábẹ́ táyà tírélà. Kò bú mi. Ó kàn ní, “Sísítà, ẹ bá wa wo nǹkan yìí dáadáa.” Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ẹnì kan júwe ilé iṣẹ́ omi kan fún mi lọ́nà Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá. Wọ́n ní ọ̀rá tí wọn ò tíì rọ omi sí, tí wọ́n ká jọ bí ìgàn aṣọ. Èyí tí ìwé tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi. Mo ní kò burú, wọ́n máa dà á nù náà ni. Ó mọ́, ó lágbára, ó ń dán. Báàgì mi wá dúró bí báàgì. Nígbà tí èyí tó wọ́ tán, mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó dáa. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń bá mi hun ún mọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe, wọn ò wá bá mi jà. A ṣì ń so páálí kékeré mọ́ ọn lára, tó sọ pé inú gọ́tà àdúgbò wa ló ti wá. Ọ̀rá tuntun ni mò ń mú wọ ayé, mo sì ń gba ìyìn pé mò ń kó èyí tó ti gbó kúrò nílẹ̀.

Àlájà ò yé kó tirẹ̀ wá. Mò ń gbà á. Mò ń kúnlẹ̀, mò ń dúpẹ́. Tí ẹ̀yìn ilé bá kún, mo máa ń kó wọn lọ sí ilẹ̀ òfìfo kan lápá àdúgbò Sátẹ́láìtì, mo máa ń ṣáná sí wọn. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa èéfín! Mo máa ń fi ìborùn bo imú.

Bóyá màá ṣì lè gbé ìyẹn mì, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe èmi nìkan ni oníṣòwò tó ń purọ́ nílùú Èkó. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbé mì.

Ọkọ Àlájà kú. Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, èrò pọ̀, oòrùn mú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pín píọ́wọ́tà fún gbogbo ẹni tó wá ṣàdúrà. Nígbà tí wọ́n tú ká, Àlájà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀. Tòun taṣọ opó lọ́rùn, ó ń bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àga, ó ń ṣa ọ̀rá. Ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn, ó dì wọ́n sínú àpò funfun. Opó ò jẹ́ kó lè jáde nígbà yẹn, torí náà ó ránṣẹ́ pè mí.

Ó ní, “Ìyàwó, gbogbo ẹni tó mu omi inú ìwọ̀nyí, àdúrà Bàbá ló wà lẹ́nu wọn. Kò sí ẹni tó mu ún tí kò sọ pé kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Bá mi fi hun ẹní tí màá máa fi kírun. Kí n máa forí kanlẹ̀ lórí àdúrà wọn.”

Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Àlájà. Ó ti parí.”

Mo gbìyànjú. Ọlọ́run gbọ́. Mo jókòó ti àpò yẹn, mo gé díẹ̀, mo hun bí ìbú ọwọ́ kan. Ó rí gbágungbàgun, kókó ara rẹ̀ á máa gún un lórúnkún, mo sì mọ bí orúnkún rẹ̀ ṣe rí. Ó fẹ́ lò ó kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó pé. Mo lè padà lọ sọ fún un pé kò ṣe é ṣe. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, á bi mí pé kí ni mo wá ń fi èyí tí òun ń kó wá látẹ̀yìn ṣe?

Mo fa ọ̀rá tuntun jáde, mo fi hun ẹní náà. Mo ní màá fi díẹ̀ nínú tirẹ̀ sí etí. Mi ò fi ẹyọ kan. Àpò funfun wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń dí mi lọ́nà, mo sì kó o mọ́ àwọn tó kù lọ́jọ́ tí mò ń lọ sun wọ́n. Mi ò lè sọ pé mo ṣèèṣì. Mo mọ àpò tí mo gbé.

Nígbà tí mo gbé ẹní náà dé, ó fi ọwọ́ pa á lára, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló tẹjú mọ́ ọn. Ó ní omi tí wọ́n mu lọ́jọ́ fìdáù, búlúù ló wà lára ọ̀rá rẹ̀, pé èyí tí òun ń rí yìí dà bí àwọ̀ ewé. Ẹnu mi ò tiẹ̀ kọ́. Mo ní mo fi òmíràn kún un kó lè lágbára ni.

Ó ní, “Kò burú. Àwọn yẹn náà, ẹnì kan ló mu ún.”

Kò sí ẹni tó mu ún, ẹ̀yin èèyàn mi. Omi kankan ò kan ọ̀rá yẹn rí.

Ó ti lé lọ́dún báyìí tó ti ń kírun lórí ẹní náà. Mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé wa. Kristẹni ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí a ń pè ní ibi mímọ́.

Báyìí, àwọn kan tó fẹ́ máa kó báàgì mi lọ sókè òkun ní àwọn fẹ́ rí ìrìn àjò rẹ̀ látìgbà tó ti wà nílẹ̀ títí dìgbà tí oníbàárà bá dá a padà. Wọ́n fẹ́ wá bá ẹni tó ń ṣa ọ̀rá sọ̀rọ̀ ní Sátidé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń bá mi hun báàgì dárúkọ Àlájà. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti bá a sọ ọ́, ó sì ti gbà. Ó ní òun máa gbé ẹní náà dání. Ó ní, “Màá sọ fún wọn pé ọwọ́ èmi yìí ló fọ̀ ọ́. Ọlọ́run ń gbọ́ mi.”

Ọkọ mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kì í wo ẹní, ọkàn ló ń wò, pé àdúrà ìyá náà ti gbà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní kí n ro àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹun lábẹ́ mi. Mo rò wọ́n. Bóyá òótọ́ lọkọ mi sọ nípa àdúrà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà ló fẹ́ ṣe ní Sátidé. Ẹ̀rí ló fẹ́ jẹ́, orúkọ Ọlọ́run ló sì fẹ́ fi jẹ́ ẹ.

Lánàá, mo lọ bá Àlájà nílé láti jẹ́wọ́. Ó gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní òun ti ń retí mi. Ó ní òun ò sùn dáadáa, ẹ̀rù àwọn àlejò ń ba òun. “Kọ́ mi lóhun tí màá sọ, ìyàwó,” ó ní, “kí n má baà ba iṣẹ́ ẹ jẹ́.”

Mo ní, “Òtítọ́ tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ sọ, Àlájà.”

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo padà wálé.

Mo ti pinnu pé màá sọ fún àwọn àlejò náà fúnra mi kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí iṣẹ́ bàjẹ́ tó bá fẹ́ bàjẹ́, ó ti sú mi. Àlájà ni mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wí fún. Bí mo bá sọ fún un, mo ti gba àdúrà gbogbo èèyàn yẹn lábẹ́ orí rẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé mo fi iná sun wọ́n. Bí mi ò bá sọ, lọ́la náà, á tún forí kanlẹ̀ lórí irọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èébú, ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti sin ọkọ, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bi: tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀?