Wọ́n Gbé Àkàbà Lọ Nítorí Yandri

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Èmi Eligio ni, ará ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Los Cajuiles. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mo ṣe ń kọ ọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni o. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá wo ìdí mi níbi tí páànù gbígbóná ti bó o. Ọmọ-ọmọ mi ló ṣe fóònù mi kó máa gba ohùn sílẹ̀, ohun tí mo gbọ́ nínú ẹ̀ náà ni mo kọ. Yandri lọmọ tí mo ṣe bàbá ìsàmì fún. Kò tíì pé ogún ọdún, àmọ́ gbogbo ìlú wa ló ti ń fi í yangàn nítorí bọ́ọ̀lù onígi, èyí tí ẹnì kan máa ń jù kí ẹlòmíì fi igi gbá a. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ló kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ àwọn àgbà gbá a ní olú-ìlú, tí gbogbo wa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Eré ò tíì parí tí mo fi pè é.

ELIGIO: Helo! Yandri! Ọmọ mi, kú iṣẹ́ o, kú oòrùn, kú—

YANDRI: Bàbá ìsàmì, ẹ káàsán sà. Ẹ má bínú, mi ò lè—

ELIGIO: Màmá ẹ ńkọ́?

YANDRI: Ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ni màmá mi wà!

ELIGIO: Àní sẹ́. Mò ń rí àtàrí ẹ̀ báyìí.

YANDRI: Àtàrí bí ti báwo?

ELIGIO: Láti òkè. Ṣé o gbọ́ mi?

[Páànù dún: gbàǹ.]

YANDRI: Bàbá, ibo lẹ wà gan-an?

ELIGIO: Orí òrùlé ṣọ́ọ̀bù Nena. Má pariwo.

YANDRI: Kí lẹ ń ṣe lórí òrùlé?

ELIGIO: Àwòrán ń já. Wọ́n ní kí n lọ yí ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n. Bí mo ṣe fìdí lélẹ̀, tí mo di ọ̀pá mú báyìí, tí mo gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, o gbá bọ́ọ̀lù yẹn, ó lọ rà-à-à-à! Ni gbogbo wọn bá ní ẹsẹ̀ mi ló gbé oríire wá, wọ́n figbe ta: "Eligio, má mira!"

YANDRI: Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó ti pẹ́ tí mo gbá ìyẹn.

ELIGIO: Wọ́n ti gbé àkàbà lọ.

YANDRI: Ta ló gbé e lọ?

ELIGIO: Màmá ẹ.

[Ohùn kan láti ìsàlẹ̀: "Eligio! Ẹsẹ̀ òsì!"]

ELIGIO: Mi ò gbé e o! Eṣinṣin ni mò ń lé! Ṣé o gbọ́ Chepe onígbàjámọ̀? Ó jókòó nísàlẹ̀, ó ń ṣọ́ mi bí ọlọ́pàá. Ó ní bí mo bá yẹ ẹsẹ̀ yìí, ilé tí o máa kọ́ fún òun ti wó nìyẹn.

YANDRI: Ilé wo? Mi ò ṣèlérí ilé fún—

ELIGIO: Alágbàlá kékeré ni, ó ní òun ò ṣe ojúkòkòrò. Màmá Ursula ńkọ́? Wọ́n fá orí bíi tìẹ lánàá.

YANDRI: Màmá Ursula? Arúgbó yẹn?

ELIGIO: Wọ́n tún fa ìlà bíi mànàmáná sí ẹ̀gbẹ́ etí ẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gbogbo ìlú ló ti fárí bíi tìẹ. Bí mo ṣe ń wò wọ́n látòkè yìí, àfi bí ẹni pé wọ́n da àgbọn sílẹ̀.

[Ìlà já díẹ̀.]

ELIGIO: Helo? Ṣé o gbọ́ mi?

YANDRI: Mò ń gbọ́ yín, bàbá.

ELIGIO: Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ọ́. Tó o bá tún di igi mú, gbá ọ̀kan fò kọjá ògiri. Ẹyọ kan péré. Kí inú wọn dùn, kí wọ́n lọ máa jó, kí n rí ẹni gbé àkàbà wá. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, ọmọ mi, páànù yìí sì ti fẹ́ẹ̀ dín mi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

[Omi ya: ṣàà.]

ELIGIO: Kí nìyẹn? Òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún ni?

YANDRI: Rárá sà.

ELIGIO: Kí ló wá dé tí ohùn ẹ ń dún bí ohùn ẹni tó kó sínú àmù?

YANDRI: ...Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wà.

ELIGIO: Há, inú ń run ọ́? Mo sọ fún màmá ẹ pé ẹran díndín yẹn ti—

YANDRI: Inú ò run mí. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni.

ELIGIO: Nítorí kí ni?

YANDRI: Èèyàn méjì ló kù kó kàn mí. Mi ò jáde mọ́.

ELIGIO: Kín lo wí? Ìlà yìí— ṣé o gbọ́ mi? Ó dà bí ẹni pé o ní o ò—

YANDRI: Mo ní mi ò jáde mọ́!

[Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Ohùn ọkùnrin: "Yandri! Wàá jáde àbí wàá bímọ síbẹ̀?"]

YANDRI: Mò ń bọ̀, kóòṣì!

ELIGIO: Ẹn-ẹ́n! Ó ń bọ̀.

YANDRI: Irọ́ ni mo pa fún un. Bàbá, ẹ gbọ́. Bọ́ọ̀lù tí mo gbá lẹ́ẹ̀kan yẹn...

ELIGIO: Bọ́ọ̀lù ọba!

YANDRI: Mo dijú ni.

ELIGIO: O ṣe kí ni?

YANDRI: Mo dijú, mo kàn ju igi. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí mi yẹn, bàbá, apá ẹ̀ gùn bí okùn ìfami. Mi ò rí bọ́ọ̀lù ẹ̀ rárá. Ariwo ẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

ELIGIO: Ẹ gbà mí. Níbi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ pé ojú àṣá lo ní!

YANDRI: Ẹ ò rí i? Tí ojú àṣá bá tún padé ńkọ́? Wọ́n ti ya àwòrán mi sára ògiri ilé ìwòsàn. Pẹ̀lú irùngbọ̀n! Mi ò ní irùngbọ̀n!

ELIGIO: Ayàwòrán ní tó bá hù, àwọn ò ní lè tún ọ̀dà rà.

YANDRI: Wọ́n ń sọ ọmọ ní Yandri.

ELIGIO: Ọmọ nìkan kọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Fonso náà ti di Yandri.

YANDRI: Ṣé ẹ rí i! Tí mo bá fi igi gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n ní kí n máa lọ jókòó, ojú wo ni mo máa fi wọ ìlú? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gan-an á máa wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

ELIGIO: Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀. Ìwọ lògo wa, ìwọ ni—

YANDRI: Bàbá! Ẹ̀yin náà ti ń ṣe bíi tiwọn.

[Páànù ń ké wín-ín-wín-ín.]

YANDRI: Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ELIGIO: Mo gbọ́ ọ. Mò ń wo ẹsẹ̀ mi ni.

YANDRI: Ẹsẹ̀ yín?

ELIGIO: Ẹsẹ̀ òsì. Yandri, nígbà tí o gbá bọ́ọ̀lù yẹn, ta ni wọ́n gbé àkàbà ẹ̀ lọ?

YANDRI: Ẹ̀yin ni.

ELIGIO: Ta ni Chepe ń ṣọ́? Ṣé igi tí o dì mú ló ń ṣọ́ ni?

YANDRI: Ẹsẹ̀ yín ló ń ṣọ́.

ELIGIO: Ó tán! Lójú àwọn ará ibí, ìwọ kọ́ lo gbá a. Èmi ni! Èmi ni mo gbá a láti orí òrùlé Nena! Tó o bá wá gbá afẹ́fẹ́, ta ni wọ́n máa bú?

YANDRI: ...Ẹ̀yin.

ELIGIO: Èmi, Eligio, ẹlẹ́sẹ̀ burúkú. Wọ́n á ní mo mira. Àgbàlagbà ni mí, èébú ò lè so mọ́ mi lára. Màmá ẹ ti bú mí láàárọ̀ yìí gan-an, mo sì jẹun yó.

YANDRI: Ẹ ò mira kẹ̀.

ELIGIO: Màá mira.

[Yandri bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn.]

ELIGIO: Jáde lọ. La ojú ẹ méjèèjì sílẹ̀, kó o wo bọ́ọ̀lù ẹni elápá gígùn yẹn dáadáa. Tó o bá rí i, gbá a. Tó ò bá rí i, kí i fún mi bó bá ń kọjá. Má pa fóònù o. Fi mí sínú ìbọ̀wọ́ ẹ lórí bẹ́ǹṣì. Ṣé o gbọ́ mi?

YANDRI: Mo gbọ́, bàbá.

[Ilẹ̀kùn ṣí. Ariwo èrò pápá. Nǹkan ń họ ara fóònù.]

ELIGIO: Yandri? Ó ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ káàsán o.

[Nínú fóònù: igi gbá afẹ́fẹ́, fúù. Èrò: "Òòò!"]

ELIGIO: Ọ̀kan nìyẹn. Há, àwọn tìsàlẹ̀ ò tíì pariwo. Tẹlifíṣọ̀n ń pẹ́ dé ju fóònù lọ!

[Láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn díẹ̀: "Òòò!" Nínú fóònù: fúù.]

ELIGIO: Méjì. Ojú ẹ là báyìí, mo mọ̀. La ojú, ọmọ mi.

[Nínú fóònù: kọ̀! Igi ba bọ́ọ̀lù.]

ELIGIO: Ó bà á! Ó bà á o!

[Nínú fóònù: "Ó yà síta! Kò kà! Ó tún ku ẹ̀ẹ̀kan!" Lẹ́yìn náà: fúù. Èrò: "Áààà!"]

ELIGIO: Yéè. Wọ́n ti ní kó lọ jókòó. Wọn ò tíì mọ̀ nísàlẹ̀. Eligio, àsìkò nìyí.

[Páànù dún: gbàǹ, gbàǹ, gbàǹ, gbàǹ.]

ELIGIO: Ẹ wò mí o! Nena, wò mí! Mo gbé òsì! Mo gbé ọ̀tún! Chepe, mò ń jó!

[Láti ìsàlẹ̀: "Eligio! Dúró! Dúró!" Lẹ́yìn náà: "Áààà!" Lẹ́yìn náà: "Eligio! O ti pa wá!" Máńgò kan ba páànù.]

YANDRI: Bàbá? Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo rí i! Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, mo rí bọ́ọ̀lù náà! Mi ò bà á dáadáa ni, àmọ́ mo rí i!

ELIGIO: Mo gbọ́ "kọ̀" ẹ! Tẹ́tí sí àwọn èèyàn ẹ. Ṣé o gbọ́ orúkọ ẹ níbẹ̀?

[Láti ìsàlẹ̀: "Eligio olóríibú! Eligio ẹlẹ́sẹ̀ burúkú!"]

YANDRI: Rárá sà. Tiyín nìkan.

ELIGIO: Ó dáa bẹ́ẹ̀.

[Ohùn obìnrin, nítòsí: "Sọ̀ kalẹ̀ kíá kó o tó ba ti ìgbà tó kàn jẹ́!"]

ELIGIO: Màmá ẹ nìyẹn. Yandri! Àkàbà! Ó ti gbé àkàbà wá! Ó tún ń dì í mú fún mi! Jẹ́ kí n sáré, ìtọ̀ ti—

[Ìlà já.]

Gbogbo ohun tó wà nínú fóònù nìyẹn. Títí di òní, wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ òrùlé ẹnikẹ́ni nílùú yìí, mo sì dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kà á, tí wọ́n bá ti di ẹ̀bi ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù tì ru yín rí, nítorí àga tí ẹ jókòó lé tàbí aṣọ tí ẹ wọ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Kó jẹ́ òótọ́ o, kí lẹ́tà ẹ̀ sì tóbi kí ojú mi lè rí i.