Ìbọn Tí Làsísì Fi Sọ́wọ́ Nùréènì

Nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀ wó Làsísì mọ́lẹ̀ ní Agége, ó ránṣẹ́ pe Shukurat, opó Nùréènì. Ó ní, "Ìyá Àìṣà, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè. Ọkọ yín kì í ṣe adigunjalè. Èmi ni mo pa á."

Ọ̀gá ọlọ́dẹ ni Làsísì nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Orégùn lásìkò Sáàpù, nígbà tí ìlú le. Nùréènì wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ebi ló sì mú un fo ògiri wọlé wá jí aṣọ. Làsísì ká a mọ́ ibẹ̀. Ó fi irin lù ú títí eegun apá rẹ̀ fi dún kàkà. Nùréènì náà fi eyín gé e létí já, ó tu ú sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pe Làsísì ní Elétí-kan.

Ní kóòtù májísíréètì n'Ìkẹjà, adájọ́ ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni òpin agbára òun lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Làsísì figbe ta: "Ọdún mẹ́ta? Etí mi ńkọ́? Ṣé yóò hù padà ni?"

Kọ́púrù Job, ọlọ́pàá tó gbé ẹjọ́ náà wá, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá, májísíréètì ò lè pààyàn. Àmọ́ tíbọn bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó di ẹjọ́ tíríbúnà adigunjalè nìyẹn. Àwọn yẹn ò mọ ẹ̀wọ̀n, ikú ni."

Job ló wá ìbọn ìléwọ́ kan, tó sì gbé ẹjọ́ náà lọ sí tíríbúnà. Làsísì ló fọwọ́ lé Kùránì níwájú tíríbúnà, tó búra pé òun já a gbà lọ́wọ́ Nùréènì.

"Ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ èṣù," ó wí fún Shukurat. "Inú mi dùn nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yìnbọn pa á."

Kò tilẹ̀ jókòó sílé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pa á. Ó dúró láàárín èrò tó ń wòran. Wọ́n ti so Nùréènì mọ́ òpó nígbà tó rí Làsísì, ó sì figbe ta: "Bọ̀ọ̀dá Làsísì! Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́! Mi ò níbọn!"

Làsísì ṣí fìlà, ó fi ojú àpá etí rẹ̀ hàn án. Ìbọn dún. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde láyà Nùréènì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì. Sójà kan sún mọ́ ọn, ó tún yìnbọn fún un.

"Ìyá Àìṣà, ẹ forí jì mí."

Shukurat kò sunkún. "Ọmọ adigunjalè ni wọ́n ń pe Àìṣà ládùúgbò yìí. Kò rọ́kọ fẹ́. Ẹ dìde."

"Mi ò lè dìde."

Shukurat jáde, ó pe àwọn ọkùnrin wọlé. Wọ́n fi ẹní gbé Làsísì lọ sí mọ́ṣáláṣí bí wọ́n ṣe ń kírun Jímọ̀ tán, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kọjá láì gbọ́.

"Nùréènì kò níbọn," ni Làsísì wí.

"Ẹ gbóhùn sókè," ni Shukurat wí.